Ìjẹ́wọ́ ní Àgọ́ Ọlọ́pàá



Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti olè nìkan. Ó kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ tí ń rìn ní ìgboro. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹni, oníduúró àti owó ni baba a máa kọ́kọ́ wá. Ti agbẹjọ́rò di ìgbà tí ẹjọ́ bá dé kóòtù. Nígbà náà, ọmọ ti fi ọwọ́ síwèé pé òun jẹ́wọ́.

Ìwé yìí ni gbogbo ìjà. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn yóò dé iwájú adájọ́, yóò ní lílù ni a lu òun kí òun tó fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá yóò ní kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Adájọ́ yóò dá ẹjọ́ ńlá dúró, yóò gbọ́ ẹjọ́ nínú ẹjọ́, láti mọ̀ bóyá tinútinú ni ó fi jẹ́wọ́. Àwọn baba wa ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín adájọ́ gbọ́ ti àwọn méjèèjì, kò sì sí òṣùwọ̀n tí yóò fi wọ̀n wọ́n, nítorí kò sí ẹlẹ́rìí kẹta nínú yàrá náà.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2011, wá ẹlẹ́rìí náà. Ó ní bí ẹni tí a mú bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí ọlọ́pàá gba gbogbo rẹ̀ sínú fídíò. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú agbẹjọ́rò tí ẹni náà fúnra rẹ̀ yàn. Àwọn ilé ẹjọ́ jiyàn lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀: àwọn kan ní dandan ni, àwọn mìíràn ní kì í ṣe dandan. Ní 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ parí iyàn náà, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó wá: dandan ni.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò kùn pé ìgárá ni a ń gbè lẹ́yìn. Bí olè bá jẹ́wọ́ tinútinú, kí ni fídíò gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Ẹrù tí a ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣì wà, àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà. Ikú sì ni òfin Èkó fi ń san olè jíjà pẹ̀lú ìbọn. Ẹni tí a bá fi ìwé èké pa, ta ni yóò jí i?

Tálákà kò ṣàì ní olùgbèjà: ìjọba ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti 1976, láti máa gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ní òru, kí agbẹjọ́rò tó dé ńkọ́? Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín 35, fún ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn. Ẹ fi etí sí "ẹlòmíràn" yẹn, ẹ̀yin Olóyè. Ẹ̀yin tí ọlọ́pàá ń ṣílẹ̀kùn fún nígbà tí wọn kò ní ṣí i fún ìyá ọmọ, ẹ̀yin náà lè jẹ́ ẹni tí ọmọ náà yóò dárúkọ.