Òjò Ti Ń Dá, Odò Ṣì Ń Kún

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ àárín ìgboro Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó sì gbé ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò mílímítà 187.5 tún tú dà sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Afárá wó káàkiri, àwọn tó lé ní 100 tún bá a lọ. Àwọn àgbà ìlú kò tí ì gbàgbé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìṣirò tó ń fi hàn bí òjò ṣe ń di omíyalé ni èyí tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ń sá fún ní yunifásítì: kọ́ńfólúṣọ̀n.

Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Le Roy Sherman, ló gbé ọ̀nà náà kalẹ̀ fún odò ní 1932. Bí òjò wákàtí kan ṣoṣo bá rọ̀ tó sì dá, báwo ni odò yóò ṣe gbà á ní wákàtí kìíní, ìkejì àti ìkẹta? Omi tó rọ̀ sí bèbè á tètè dé. Èyí tó rọ̀ sókè ọ̀hún ṣì ní ọ̀nà láti rìn. Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn odò sí òjò ẹyọ kan, apá rẹ̀ ká òjò yòówù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké. Ká ní òjò ìwọ̀n kan ń mú omi 1 wá sódò ní wákàtí tó rọ̀, 3 ní wákàtí tó tẹ̀ lé e, 1 ní ìkẹta, ó parí. Òjò wá rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta: 2, 3, 1. Ní wákàtí kìíní, omi 2 dé. Ní ìkejì, òjò tuntun mú 3 wá, ti ìṣáájú mú 6: ó di 9. Ní ìkẹta, òjò ti ń dá, 1 péré ló mú wá, ṣùgbọ́n ti wákàtí kejì mú 9, ti wákàtí kìíní sì mú 2 tó kù: ó di 12. Lẹ́yìn náà ni 6, lẹ́yìn náà ni 1.

Ìgbà tí òjò kéré jù ni odò ga jù. Awakọ̀ tó rí i pé òjò ti ń dá, tó wá gba orí afárá kọjá, 12 ló lọ pàdé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kérora pé ìwé ní kí àwọn yí ìlà nọ́ńbà kan padà, kí ìkẹyìn di àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú 12 yẹn: òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ ló bá nọ́ńbà ìkẹyìn pàdé, nítorí òun ló ti rìn pẹ́ jù. Kò sí idán níbẹ̀. Olùkọ́ tó ní kí wọ́n kàn há a sórí ló fìyà jẹ wọ́n. Ìṣirò kan náà la fi ń tún ohùn ṣe lórí tẹlifóònù, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń ka ohùn ní ìgbà ẹgbàarin, ìyẹn 8,000, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àmọ́ ìṣirò odò yìí ní àdéhùn: ilẹ̀ òní gbọ́dọ̀ ṣe bíi ti àná. Ìbàdàn kì í mú àdéhùn yẹn ṣẹ. Lórí ilẹ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí Mọ́níyà ní Ìbàdàn láti 1967, igbó ṣì wà tó ń dá omi dúró. Lẹ́yìn odi rẹ̀, ilé ń gba ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó náà sì ti ń gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà láti 2021. Ká ní páànù àti síméǹtì sọ 1, 3, 1 di 4, 1, 0. Òjò kò yí padà, àpapọ̀ omi kò sì kọjá 30 tó wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ odò á ga dé 14, ní wákàtí kejì, kí ẹnikẹ́ni tó palẹ̀ ẹrù mọ́.

Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn òjò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kò lè rí nọ́ńbà wákàtí-wákàtí tí ìṣirò yìí ń béèrè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Mọ́níyà, ri ọ̀pá ìwọ̀n mọ́ àwọn odò rẹ̀, kí ó sì fa àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́ra láti máa kọ òjò àti odò sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ tó dé.