Ọ̀pá Orúnkún Lára Gìtá Onípẹ́dà Àtijọ́



Gìtá onípẹ́dà kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá fetí sí orin jùjú. Ìró rẹ̀ tí ń fà wà nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982. Demola Adepoju ni ó ta á. Ní ọdún 1986, òun kan náà ni ó ta á nínú Graceland, àwo Paul Simon ará Amẹ́ríkà.

Amẹ́ríkà ni gìtá yìí ti dàgbà. Bud Isaacs fi pẹ́dà yí ohùn okùn padà nínú orin Slowly tí Webb Pierce kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1954, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì sáré fi pẹ́dà kún gìtá tiwọn. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ó kan orúnkún. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn gìtá àtijọ́ kò ní ju ọ̀pá orúnkún kan tàbí méjì lọ, nígbà tí ti òde òní a máa ní mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Kí ni ìwúlò ọ̀pá náà? Gìtá tí a tún ohùn rẹ̀ ṣe sí E9 ní okùn mẹ́wàá. Ìkẹrin àti ìkẹjọ ń dún E. Ọ̀pá kan a gbé wọn sókè di F, òmíràn a rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ní ìdajì ohùn. Bí olórin bá tẹ pẹ́dà àkọ́kọ́, tí ó sì ti ọ̀pá F, àpapọ̀ ohùn tí ó fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ yóò tún bá a ní ìlà kẹta sókè. Láìsí ọ̀pá yìí, títí dé ìlà keje ni irin ọwọ́ rẹ̀ yóò fò kí pẹ́dà méjèèjì tó fún un ní irú rẹ̀.

Ọ̀pá ìdábùú a yí lábẹ́ gìtá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ a sì fa okùn. Ibi tí wàhálà wà ni irin tí okùn so mọ́. Nínú àwọn gìtá àtijọ́ mìíràn, kò sí ààyè kí okùn kan náà lè gòkè kí ó sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fipá mú un yóò rí i pé okùn kò padà sí ohùn rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan wí pé kí a má fọwọ́ kan gìtá àtijọ́. A kò fara mọ́ ọn: gìtá tí a kò ta, àpótí lásán ni. Àwọn mìíràn ń lu ihò kiri lára igi rẹ̀. A kò fara mọ́ èyí náà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìmọ̀ràn wa ni èyí: kí a kọ́kọ́ yẹ abẹ́ gìtá wò, kí a lo ihò tí ó ti wà, kí a tọ́jú gbogbo ohun tí a bá tú, kí a sì ṣe àfikún tí ẹni ẹ̀yìn wa lè tú kúrò. Bí irin rẹ̀ kò bá gbà, kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a wá òmíràn fún iṣẹ́. Àfikún tí ó ba ìpìlẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àtúnṣe.