Ọ̀RỌ̀ NÁÀ “BOYCOTT”: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ ÀTI ORÍSUN RẸ̀

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ìwà òun fúnra rẹ̀ sọ orúkọ ìdílé rẹ̀ di ọ̀rọ̀ lásán ní ẹnu aráyé. Ẹni náà ni Charles Cunningham Boycott.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé kí àwọn ènìyàn fi ohùn ṣọ̀kan láti takété sí ẹnì kan: kí wọn má bá a rà, kí wọn má bá a tà, kí wọn má bá a ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kí wọn má fi ọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ Áyálándì ni ó ti ṣẹ̀, ní ọdún 1880. Boycott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń ṣe aṣojú Lord Erne, onílẹ̀ kan ní Mayo. Ìkórè ti burú, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀bẹ̀ kí a dín ìdá kan nínú mẹ́rin kù nínú ìṣákọ́lẹ̀ wọn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni onílẹ̀ gbà. Boycott bá gba ìwé ilé ẹjọ́ láti lé àgbẹ̀ mọ́kànlá kúrò.

Ní ọjọ́ 19 oṣù September ọdún náà, Charles Stewart Parnell ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn ní ìlú Ennis pé kí wọn má pa ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ tí a lé ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀, kí wọn sáà yà á sọ́tọ̀. Ohun tí wọn ṣe sí Boycott nìyí. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi í sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, alágbàfọ̀ àti oníṣòwò kọ̀ ọ́. Àádọ́ta ọkùnrin wá láti apá àríwá láti bá a kórè, tí nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ń ṣọ́ wọn. A ṣírò rẹ̀ pé £10,000 ni a ná láti kó irè tí kò ju nǹkan bí £500 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù December, Boycott kó kúrò.

Àlùfáà John O’Malley ni ó dá orúkọ yìí sílẹ̀, nígbà tí James Redpath, akọ̀wé-ìròyìn ará Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò lò. “Ostracise” wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó le jù fún àwọn àgbẹ̀. Láti Athens àtijọ́ ni ìyẹn ti wá: àpáàdì ni àwọn ará ìlú ń kọ orúkọ ẹni tí wọn fẹ́ lé sí, ẹni náà yóò sì fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1881, òfin gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ láti máa pinnu ìṣákọ́lẹ̀ tí ó tọ́.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ gbọ́: ẹni tí gbogbo ìlú kọ̀, ọmọ ogun kò lè sọ ọ́ di olùfẹ́ wọn. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà lè pa aláìṣẹ̀ lára. Kí a tó takété sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.