Ìpín Opó Ẹni Tí Éèdì Pa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fúnra Rẹ̀ pín ogún, tí kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú mọ̀lẹ́bí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, láti ọdún 1986 tí wọ́n ti kọ́kọ́ kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ opó ti ń jẹ ìyà méjì pọ̀. Ọkọ yóò kú. Kí wọ́n tó ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ (èyí tí kì í ṣe sùnnà), ẹbí ọkọ yóò ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Wọn yóò ní obìnrin náà ni ó pa ọmọ àwọn. Ta ni ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya wò tí ó fi mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o?

Lóòótọ́, apànìyàn kì í jogún ẹni tí ó pa. Ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí ẹ̀rí sì fi múlẹ̀ níwájú adájọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Àìsàn kò sí nínú ohun tí ó ń lé aya kúrò nídìí ogún.

Wọn yóò tún sá sábẹ́ àṣà pé aya kì í jogún ọkọ. Àṣà náà wà. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni òfin ìbílẹ̀ Yorùbá. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ Mùsùlùmí ni orúkọ méjèèjì! Ṣé ìrun òkú nìkan ni sharíà, kí ogún padà di ti àṣà? Súrà Nisai, ẹsẹ 12, fún opó ní ìdámẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdámẹ́rin bí kò bá ní ọmọ, lẹ́yìn gbèsè àti wàsíyà. Sàdáàkì tí ọkọ kò tíì san wà lára gbèsè náà. Ẹsẹ 19 súrà yìí kan náà kọ̀ kí wọ́n jogún obìnrin ní tipátipá; nítorí náà ṣíṣú opó láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò tọ́. Bí ó bá sì gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kí tọkùnrin tobìnrin kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Òfin ọdún 2014 kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi ìyà jẹ ẹni tí ó ní kòkòrò HIV, ṣùgbọ́n kì í bá opó pín ogún. Kí ọkọ tí ó bá mọ̀ pé òun ní in, tí ara rẹ̀ ṣì le, kọ gbèsè àti dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Bí ó bá fẹ́ fún aya ní ilé, kí ó fún un nísinsìnyí, kí aya sì gbà á sọ́wọ́. Ẹ̀bùn orí ibùsùn ikú, wàsíyà ni sharíà kà á sí, kò sì sí wàsíyà fún ẹni tí ó ní ìpín nínú ogún, àyàfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i.