"N Kò Gbà": Bí Àwọn Ọlọ́lá Ṣe Fọ́ Ìjọba Pólándì

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ìpolongo sọ fún àpéjọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀)



Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìjọba tí ó fọ́, Ọ̀yọ́ Ilé ni àwa Yorùbá kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa Baṣọ̀run Gáà tí ó ń fi ọba jẹ, tí ó sì ń ti ọba sí ikú, tàbí nípa Àfọ̀njá ní Ìlọrin tí ó kọ̀ láti sin Aláàfin Aólẹ̀ mọ́. Ìtàn yẹn kò ṣàjèjì sí yín, a kò sì ní tún un sọ. Ilẹ̀ òkèèrè ni a fẹ́ mú yín lọ lónìí, ilẹ̀ Pólándì, tí ó wà láàrin Jámánì àti Rọ́ṣíà ní Yúróòpù. Àrùn kan náà ni ó pa á, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1795 ni àwọn aládùúgbò Pólándì pín ìyókù rẹ̀ tán. Ní nǹkan bí ọdún 1796 ni Aólẹ̀ kú ní Ọ̀yọ́. Ará Warsaw, olú ìlú wọn, kò mọ ohun tí ń jẹ́ Ọ̀yọ́, ará Ọ̀yọ́ kò sì gbọ́ orúkọ Warsaw rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ọba aláìlágbára ni ó ba Pólándì jẹ́. A kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Àìlágbára ọba náà kì í ṣe àbímọ́; àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, wọ́n sì fi igba ọdún ṣe é.

Ní ọdún 1572, ọba wọn, Sigismund Augustus, kú láìní ọmọ. Àwọn ọlọ́lá pinnu pé oyè ọba kò ní jẹ́ ti ìdílé kan mọ́; gbogbo ọlọ́lá, ìbáà ṣe olówó tàbí akúṣẹ̀ẹ́, ni yóò máa péjọ sí pápá kan lẹ́bàá Warsaw láti dìbò yan ọba. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ni Henry, àbúrò ọba Faransé. Wọ́n mú ìwé kan wá pé kí ó búra sí i. Ó wà nínú ìwé náà pé bí ọba bá yẹ àdéhùn, kò di dandan kí ẹnikẹ́ni gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n dé e ládé tí ìròyìn fi dé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Faransé. Ní òru kan ní oṣù kẹfà ọdún 1574, kábíyèsí yọ́ jáde láàfin ní Kraków, ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó lọ jọba nílé baba rẹ̀. Kábíyèsí ń sá lóru bí ajigbèsè! Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n kò pa àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo ọba tí wọ́n yàn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Akọni ni Jan Sobieski tí wọ́n yàn ní 1674. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó tú ogun Tọ́kì tí ó dó ti Vienna ká ní 1683. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ dé adé náà ni yóò kọ́kọ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Ẹ̀yin náà mọ bí ikán ti í jẹ òpó ilé: bí a bá wò ó láti òde, òpó dúró.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ni wọ́n ń pè ní Sejm. Àṣà ibẹ̀ ni pé ohùn gbogbo aṣojú gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan kí òfin tó lè dúró. Àṣà yìí kò burú ní ti ara rẹ̀. Àwọn baba wa náà a máa jókòó sábẹ́ igi títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1652, aṣojú kan tí ń jẹ́ Władysław Siciński ní òun kò gbà kí ìjókòó náà gùn ju àkókò rẹ̀ lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Dípò kí àwọn tí ó kù máa bá iṣẹ́ lọ, wọ́n gbà pé ohùn ẹnì kan ṣoṣo náà ti tú ìgbìmọ̀ ká. Láti ìgbà náà lọ, bí aṣojú kan bá ti wí pé "N kò gbà", ìjókòó tú, gbogbo òfin tí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sì di asán. Nígbà ọba Augustus Kẹta, tí ó jọba fún ọgbọ̀n ọdún títí di 1763, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní 1736, ni ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún! Láti 1717 ni wọ́n ti fi iye ọmọ ogun Pólándì sí 24,000, wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀ ní ti gidi. Prussia, ìjọba Jámánì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ti Pólándì rárá, ní bí 80,000 ní ọdún 1740.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ nínú? Prussia àti Rọ́ṣíà ni. Wọn kò nílò láti jagun. Àpò owó kan fún aṣojú kan ti tó. Ní 1764 àwọn méjèèjì tilẹ̀ ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa ṣọ́ "òmìnira" àwọn ọlọ́lá Pólándì kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára oko rẹ bá ń búra pé òun yóò bá ọ ṣọ́ àṣà ilé rẹ, ó yẹ kí o lọ wo ààlà oko náà.

Ṣé gbogbo ará Pólándì ni ọlọ́lá ni? Rárá o. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ni ọlọ́lá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kù jẹ́ àgbẹ̀ bí tiyín, ṣùgbọ́n wọn kò lè kúrò lórí ilẹ̀ tí a bí wọn sí láìgba àṣẹ olúwa ilẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lóko olúwa wọn láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n tó ráyè yẹ tiwọn wò. Wọ́n ń gbin ọkà kan tí ń jẹ́ rye. Ọlọ́lá a kó o sínú ọkọ̀ gba odò Vistula lọ sí èbúté Gdańsk, àwọn oníṣòwò òkèèrè a rà á, owó rẹ̀ a sì di aṣọ ṣẹ́dà àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọlọ́lá bá ń pariwo òmìnira ní Sejm, àgbẹ̀ tí ó gbọ́ ọ lókèèrè kò kà á sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lóòótọ́. Ní èrò tiwa, ibí gan-an ni ilé náà ti ṣófo: ọba kò lágbára, àgbẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò torí rẹ̀ gbé ohun ìjà.

Ọba tí ó jẹ kẹ́yìn ni Stanisław August Poniatowski. Ọba obìnrin Rọ́ṣíà, Catherine Kejì, tí ó ti jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ rí, ni ó fi owó àti ọmọ ogun tì í dórí oyè ní 1764. Ẹ má rò pé òpè ni. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ológun sílẹ̀ ní 1765. Nígbà rẹ̀ náà ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìjọba fún ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1773, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wà ní Yúróòpù. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe ìlú rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ẹ̀yìn tí ó lè fara tì, àfi Catherine náà.

Ní 1772, Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria jùmọ̀ gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Pólándì lọ, wọ́n sì fi ipá mú Sejm kí ó tọwọ́ bọ ìwé sí i. Adam Poniński tí ó jẹ́ alága ìjókòó náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àjèjì. Aṣojú kan, Tadeusz Rejtan, na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ní 1773, ó ní kí ẹni tí yóò bá kọjá tẹ òun mọ́lẹ̀. Kò dá wọn dúró.

Ẹ̀rù yẹn là wọ́n lójú. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1791, ọba àti àwọn olóòótọ́ inú ìgbìmọ̀ ṣe òfin ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun: "N kò gbà" dópin, oyè ọba di ti ìdílé, wọ́n sì fi àgbẹ̀ sábẹ́ ààbò òfin, bí wọn kò tilẹ̀ tíì dá a sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́lá ńlá mẹ́ta, Szczęsny Potocki, Ksawery Branicki àti Seweryn Rzewuski, kọ̀. Wọn kò dúró nílé bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jiyàn. Rọ́ṣíà ni wọ́n gbà lọ. Ní St. Petersburg ni wọ́n ti kọ ìwé ọ̀tẹ̀ wọn, tí wọ́n sì wá kéde rẹ̀ ní ìlú Targowica ní oṣù karùn-ún 1792, bí ẹni pé ilé ni wọ́n ti kọ ọ́. Ọmọ ogun Catherine, tó nǹkan bí 100,000, wọlé láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n ní òmìnira àtijọ́ ni àwọn ń gbà padà. (A rí i pé àwọn kan nínú yín ń wo ojú ara wọn, a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.) Ọba fúnra rẹ̀, tí ó ti búra sí òfin tuntun náà, fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní oṣù keje. Ó rò pé òun yóò lè gba díẹ̀ là. Kò gba nǹkan kan là.

Ní 1793, Rọ́ṣíà àti Prussia tún gé ilẹ̀ sí i. Wọ́n pe Sejm sí Grodno, ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì yí ilé ìgbìmọ̀ ká. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kan àdéhùn tí yóò fi ilẹ̀ fún Prussia. Àwọn aṣojú kò sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó bí odi títí òru fi jìn. Ìdákẹ́ ni àtakò tí ó kù lọ́wọ́ wọn. Alága béèrè bóyá wọ́n gbà. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó dákẹ́ ti gbà. Ní ilẹ̀ tí ohùn ẹnì kan ti ń tú ìgbìmọ̀ ká láti 1652, ìdákẹ́ ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta 1794, Tadeusz Kościuszko, ọ̀gágun tí ó ti bá àwọn ará Amẹ́ríkà ja ogun òmìnira wọn, búra ní ojúde Kraków pé òun yóò gba ilẹ̀ náà padà. Òun ni ó ṣe ohun tí àwọn ọlọ́lá ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ pípẹ́: ó pe àwọn àgbẹ̀. Ìbọn kò tó. Wọ́n yọ dòjé gígùn tí wọ́n fi ń gé koríko, wọ́n tún un fi sórí igi ní títọ́ bí ọ̀kọ̀. Ní Racławice, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí rọ́ lu àgbá Rọ́ṣíà. Àgbẹ̀ kan, Bartosz Głowacki, sáré dé ìdí àgbá tí wọ́n ti tiná bọ̀, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo iná náà pa. Wọ́n ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, Kościuszko sì gbé ẹ̀wù àwọn àgbẹ̀ wọ̀ láti bu ọlá fún wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ó kéde pé àgbẹ̀ ti di òmìnira, ó sì dín ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ni kò jẹ́ kí ìkéde náà ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ wọn.

Ó ti pẹ́ jù. Głowacki gbọgbẹ́ ní Szczekociny ní oṣù kẹfà, ó sì kú. Kościuszko bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní oṣù kẹwàá. Wọ́n pín ìyókù ní 1795. Ọba fi adé sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá, owó tí àwọn tí ó pín ilẹ̀ rẹ̀ ń fún un ni ó sì ń jẹ títí ó fi kú ní St. Petersburg ní 1798. Ní ti àwọn ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ mẹ́ta yẹn, Warsaw ti dá wọn lẹ́jọ́ ikú ní 1794. Nígbà tí wọn kò rí wọn mú, àwòrán wọn ni wọ́n so kọ́ sórí igi. Títí di òní, Targowica ni ará Pólándì ń pe ìwà ọ̀dàlẹ̀.

Wọ́n dá Kościuszko sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó sì tún lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1798 ó kọ ìwé ìhágún pé kí wọ́n fi owó òun tí ó wà níbẹ̀ ra àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò lóko ẹrú, kí wọ́n sì fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ Thomas Jefferson ni ó fi í sí. Wọn kò mú un ṣẹ.

Ọdún 123 ni Pólándì kò fi sí lórí àwòrán ilẹ̀ ayé, kí ó tó tún dìde ní oṣù kọkànlá 1918. Láàrin ọdún wọ̀nyí, ní ìlú Września ní 1901, àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ pàṣán nítorí pé wọ́n kọ̀ láti fi èdè Jámánì dáhùn nínú ẹ̀kọ́ ìsìn.

Oòrùn ti ń rọ̀, ọ̀nà àwọn kan nínú yín sì jìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kí ó bọ́ síwájú.