Ta Ni Wọ́n Ń Bá Pa Àṣírí Mọ́?

Ìbéèrè kan ń lọ láàárín wa láti ìdí ẹ̀rọ ní Ọ̀tà títí dé ìdíkọ̀ Sango: àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pariwo pé àwọn ń pa àṣírí oníbàárà mọ́, ṣé tinútinú ni, àbí nítorí àpò ara wọn?

Ẹ jẹ́ ká mú WhatsApp, torí òun ni gbogbo wa ń lò. Láti 2016 ni wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀rọ̀ wa, tí àwọn fúnra wọn kò lè kà á. Òótọ́ ni. Ní 2019 wọ́n pe NSO, ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ń ta ohun èlò amí, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì jàre. A kò ní fi ìyẹn dù wọ́n.

Ṣùgbọ́n ní 2021 wọ́n gbé àdéhùn tuntun dé, wọ́n ní ká gbà á. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀ o. Nọ́ńbà wa, irú fóònù wa, bí a ṣe ń lò ó: ọjà ni ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìpolówó. Àjọ ìjọba FCCPC fi oṣù 38 wádìí rẹ̀. Wọ́n rí i pé a kò rí irú ẹ̀tọ́ tí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn rí gbà. Ní oṣù Keje 2024 wọ́n bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó jẹ̀bi ní oṣù Kẹrin 2025. Kódà Meta sọ nílé-ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Ẹ ṣáà mọ orin yẹn: ọ̀gá tí a bá ní kó fi kún owó, á ní òun fẹ́ ti géètì.

Àwọn ayánilówó orí fóònù ńkọ́? Ní 2021 NITDA bu ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé Soko Loan, nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ ajigbèsè. Kí fóómánì máa ka gbèsè ẹni, ìtìjú ńlá ni.

Bàtà ààbò tí wọ́n fún wa, ìfẹ́ ni àbí ìbẹ̀rù ìnsípẹ́kítọ̀? Ẹsẹ̀ wa kò béèrè. Òfin ni àwa ń wò. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 de agbanisíṣẹ́ pàápàá. Nítorí náà, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, a ó béèrè ìka ọwọ́ tí à ń tẹ̀ ní géètì láràárọ̀: ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ta ni wọ́n sì ń fún?