Kí Ike Tó Dé Ni Ewé Ti Wà

Ní Makoko l'Ékòó, orí omi ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè débẹ̀. Pàǹtí tí a bá jù sábẹ́ ilé, abẹ́ ilé náà ni yóò wà. Ìdí nìyí tí ohun tí a fi ń di oúnjẹ fi ṣe kókó níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin tó de ike funfun fífúyẹ́ tí a fi ń bu ráìsì, torí ó ń dí gọ́tà. Ṣùgbọ́n òfin kì í di oúnjẹ. Ewé eéran, tí a fi ń di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ni ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀: bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í pẹ́ jẹrà.

Àwọn kan á ní ewé kì í gba ọbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọbẹ̀ lè gbé abọ́ wá láti ilé. Àwọn mìíràn á ní ewé wọ́n ju ọ̀rá lọ. Owó ọ̀rá kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí gọ́tà bá dí tí omi wọlé, gbogbo àdúgbò ló ń san ìyókù. Ká sì ṣọ́ra fún ike tí wọ́n ní ó ń jẹrà: èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ń fẹ́ ooru tó súnmọ́ ìwọ̀n 60 lórí Celsius kó tó lè tètè jẹrà, ọ̀sà kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ìjọba ran àwọn tó ń gbin ewé lọ́wọ́, kó lè pọ̀ lọ́jà.